Ṣé ikọ́ ife ló ń pọ̀ sí i, àbí àwọn tí à ń rí ló ń pọ̀?

Bọ̀dá kan láti Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi, mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Mo kà á pé lọ́dún 2019, nǹkan bí 120,000 èèyàn ni wọ́n rí pé ó ní ikọ́ ife ní Nàìjíríà, nígbà tó fi máa di 2023 ó ti lé ní 360,000. Ṣé àrùn yìí fẹ́ pa wá tán ni? Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń gba ìtọ́jú, Ìbàdàn ló wà, ó ti lo oògùn fún oṣù kan àtààbọ̀, ó wá ríṣẹ́ sí Èkó báyìí. Ṣé wọ́n á fún un lóògùn lọ́hùn-ún? Ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n sì máa kà á mọ́?"

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọkàn yín balẹ̀ lórí àbúrò yín ká tó máa sọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Wọ́n á fún un lóògùn l'Ékòó, ọ̀fẹ́ ni, kò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ibi tó bá a dé n'Íbàdàn ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kó má kàn gbé báàgì kó wọ mọ́tò. Kó lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń fún un lóògùn, kó sọ fún wọn pé òun ń kó lọ, kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tiransífà fún un, kí wọ́n sì bá a pe sẹ́ńtà tó máa lọ l'Ékòó kó tó kúrò nílé. Màá sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó báyìí.

Ó yá, nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe súpáfáísọ̀ ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọwọ́ irú àwa yìí ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà yẹn ti ń jáde, torí náà mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ti ọdún 2019 yẹn, 120,266 ni, iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò nìyẹn, tí wọ́n rí i pé wọ́n ní in, tí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jístà. Iye àwọn tó ń ṣe lóòótọ́ yàtọ̀ sí i pátápátá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, fojú bù ú pé àwọn tí ikọ́ ife mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn á tó 440,000. Ẹ wá yọ ọ̀kan nínú ìkejì. Ó lé ní 300,000 èèyàn tó ń wúkọ́ nínú yàrá, nínú dáńfó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, tí ẹnikẹ́ni nínú àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ò mọ orúkọ wọn.

Inú àwọn 300,000 tó fara pamọ́ yìí la ti ń fa èèyàn yọ. 138,591 lọ́dún 2020, 207,785 lọ́dún 2021, 285,561 lọ́dún 2022, ó wá lé ní 360,000 lọ́dún 2023. Ẹ sì rántí pé 2020 yẹn ni Kòrónà dé o. Ní India, Indonesia, Philippines, nọ́ńbà àwọn tí wọ́n rí já wálẹ̀ gan-an lọ́dún yẹn torí àwọn èèyàn ò rí ọ̀nà jáde lọ sí ọsibítù, àmọ́ tiwa gòkè. Mo rántí ọjọ́ tí mo ro ti ìjọba ìbílẹ̀ tèmi pọ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un rò torí mo rò pé mo ṣì í.

Báwo la ṣe wá rí wọn? Ẹ wò ó, ta ló ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó máa dìde tààrà lọ sí ọsibítù ìjọba? Kẹ́mísì ìtòsí ló máa kọ́kọ́ yà sí, á ra oògùn ikọ́ olómi, tí ò bá lọ á gba àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo, tí ò bá tún lọ ó di ọsibítù aládàáni kan ládùúgbò, wọ́n á fún un lóògùn ibà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ẹlòmíì á tiẹ̀ ní wọ́n fi ikọ́ ṣe òun ni, ó di orí òkè, oṣù mẹ́ta mẹ́rin á ti lọ, ìyàwó ti kó o, ọmọ ti kó o. Mo mọ ọkùnrin awakọ̀ kan tó lo oògùn ikọ́ olómi fún oṣù mẹ́ta gbáko ní ọsibítù aládàáni kan, wọn ò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó tutọ́ sí ike. Ọdún tó pọ̀ ni gbogbo ibi tí mo dárúkọ wọ̀nyí ò fi sí nínú kíkà wa rárá, torí sẹ́ńtà DOTS tiwa, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn ikọ́ ife, ọsibítù ìjọba ló pọ̀ sí jù, a jókòó síbẹ̀ à ń retí wọn. Ìgbà tí NTBLCP l'Ábújá, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọsibítù aládàáni, famasí, àwọn tó ní kẹ́mísì àti lábù aládàáni wọ inú ètò dáadáa, tí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa bi oníbàárà pé "ikọ́ yìí ti tó ọjọ́ mélòó?", ìgbà yẹn ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ̀rọ GeneXpert náà ṣiṣẹ́ ńlá. Tẹ́lẹ̀, maikirosíkóòpù la fi ń wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí kòkòrò ò bá pọ̀ nínú ẹ̀ ojú ò ní rí i, wọ́n á ní kí aláìsàn máa lọ sílé pé kò ní nǹkan kan. GeneXpert ń mú èsì jáde ní nǹkan bí wákàtí méjì, á sì tún sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú oògùn ikọ́ ife, ṣì lè pa kòkòrò náà.

Ẹ lè bi mí pé ta ló wá ka 440,000 yẹn nígbà tí a ò rí wọn. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́dún 2012 wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà, àdúgbò dé àdúgbò, ẹni tó bá ti tó ọdún 15 sókè, wọ́n á bi í nípa ikọ́, wọ́n á ya àyà ẹ̀ ní x-ray, tí wọ́n bá ti fura, wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ lọ sí lábù. Nínú 100,000 àgbàlagbà, 524 ni lábù fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò náà wà lára wọn. Ohun tó mú ìyẹn bani lẹ́rù ni pé ṣáájú ìgbà yẹn, 108 nínú 100,000 ni WHO ń fojú bù pé ikọ́ ife ń mú ní Nàìjíríà lọ́dún kan. Nígbà tí èsì ìwádìí jáde, ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 gbé e lọ sí 338. Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é á ní àrùn náà di ìlọ́po mẹ́ta lójijì, bẹ́ẹ̀ ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó wọlé lọ wò ó ni. Nígbà tó yá wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ó di 219 nínú 100,000, òun ni wọ́n fi ṣírò iye gbogbo wa ní Nàìjíríà tí 440,000 yẹn fi jáde, ọdún dé ọdún lẹ ó máa rí 219 yìí nínú ìwé wọn, kò sún síwá, kò sún sẹ́yìn. Ìwádìí 2012 yẹn ni wọ́n gbé e kà, ìdí tí kò fi mì nìyẹn. WHO gan-an kì í fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ní òun nìkan, wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ó lè kéré tó 143, ó sì lè pọ̀ tó 311. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo 219 lórí rédíò bí ẹni pé ó fọwọ́ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí pé àyè tó wà láàárín 143 àti 311 gbòòrò gan-an. Nọ́ńbà tí èmi fọkàn tán jù ni ti inú rẹ́jístà, torí orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Bí orúkọ ṣe ń dé inú rẹ́jístà yẹn nìyí. Nọ́ọ̀sì á fún ẹni tó ń wúkọ́ ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, á ní kó bọ́ síta síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó wá wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la fẹ́, itọ́ ẹnu lásán ò wúlò. Ara ike la máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ sí, a kì í kọ ọ́ sórí ìdérí láéláé. Ní lábù, tí wọ́n bá ti ṣí ike bíi mẹ́wàá sílẹ̀ pọ̀, ìdérí tibí á lọ sórí tọ̀hún, ẹni tó ní ikọ́ ife á gba èsì pé kò ní, ẹni tí kò ní á máa gbé oògùn oṣù mẹ́fà mì. Mo dé lábù kan báyìí rí, mo bá a tí wọ́n to ike kalẹ̀, gbogbo orúkọ wà lórí ìdérí. Mi ò lè jókòó. A pe èèyàn mẹ́rìnlá padà láti wá tutọ́ tuntun, méjì nínú wọn bú mi, mo gbà á.

Tí èsì bá ti jáde, ti ẹni tí wọ́n bá rí kòkòrò lára ẹ̀, bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú rẹ́jístà lábù, tẹ́ ẹ bá ṣí i láti ìkángun kan dé ìkejì ẹ ó rí àwọn ìlà pupa yẹn láàárín àwọn yòókù. Àwọn ìlà pupa ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá dé lábù, mo á wá mú wọn lọ sí rẹ́jístà ìtọ́jú, mo á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹni yìí ti bẹ̀rẹ̀ oògùn? Àwọn kan máa ń wà tí èsì wọn pupa nínú rẹ́jístà lábù tí orúkọ wọn ò sí níbì kankan nínú rẹ́jístà ìtọ́jú, wọn ò padà wá gba èsì, ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa ń gbé ọ̀kadà tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo á dà gbogbo ẹ̀ kọ sínú rẹ́jístà ńlá ti ìjọba ìbílẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta a ó kó o lọ sí ìpàdé ìpínlẹ̀, a ó yẹ tara wa wò, ìpínlẹ̀ á fi ránṣẹ́ sí Àbújá, Àbújá á fi ránṣẹ́ sí WHO ní Geneva. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ti gba apá kan nínú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ìwé ṣì wà.

Ìpínlẹ̀ wo wá ni wọ́n máa ka àbúrò yín mọ́? Ọ̀yọ́ ni. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ibẹ̀ ló ni ín. Èkó á kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé tiransífà ni, wọn ò ní kà á kún tuntun, tó bá parí oògùn wọ́n ní láti ránṣẹ́ padà sí Ìbàdàn pé ó parí, Ìbàdàn ló máa kọ ọ́ pé ara ẹ̀ ti yá. Ẹ wá rí i pé nọ́ńbà ìpínlẹ̀ kan, ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn ló ń sọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ibi tí àìsàn wà. Ẹni tó ń gbé Sàngó Ọ̀tà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó bá gba oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ ẹ̀, Èkó ló máa kà á, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń sùn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń bá a mí afẹ́fẹ́ kan náà wà. Torí ẹ̀, tí wọ́n bá ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ò ní ikọ́ ife púpọ̀, èmi máa ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ GeneXpert wà níbẹ̀ ná.

Ó kù ìdí tí mo fi ń pariwo tiransífà. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, ó ti lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ń kún padà. Ọ̀gá ẹ̀ kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Ìlọrin, òun náà tẹ̀ lé e, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà fóònù tó fún wa kò lọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sílé wọn, ilẹ̀kùn wà ní títì, àwọn aráalé tó kù ò mọ̀ pé ikọ́ ife ló ń ṣe é, mi ò sì lè la ẹnu kí n sọ ọ́ fún wọn. Ní ìlànà wa, ẹni tí ò bá lo oògùn fún oṣù méjì léra wọn, a ó kọ ọ́ pé ó sọnù. Mo kọ ọ́. Ọdún Iléyá ló wá sílé tó yà kí mi, òun ló wá ń sọ fún mi pé òun lọ sí sẹ́ńtà kan n'Ílọrin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ojú ti òun láti sọ pé òun sá kúrò níbì kan, òun bá ní òun ò lo oògùn ẹ̀ rí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tuntun, ó tún bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o, bọ̀dá mi: l'Ọ́yọ̀ọ́ ó ti sọnù, ní Kwara ó jẹ́ aláìsàn tuntun, Nàìjíríà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ti àwọn tó ń rìnrìn àjò ṣiṣẹ́ ṣírò ẹ̀, awakọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kiri, bíríkìlà. Àṣìṣe nọ́ńbà yẹn á ṣeé tún ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò fi lo oògùn yẹn ló ń já mi láyà, torí ìgbà bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò máa ń mọ oògùn mọ́wọ́ tó sì máa ń yi sí i.

Èyí tó bá yi yẹn, ìtọ́jú ẹ̀ le gan-an. UCH n'Íbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 2010. Nígbà yẹn oṣù mẹ́jọ lèèyàn máa ń sùn sí ọsibítù, abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, etí àwọn mìíràn di nítorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ò sì tó, àwọn kan ń retí títí ẹ̀mí fi bọ́. Ọ̀pọ̀ wọn lè gba ìtọ́jú láti ilé báyìí, oògùn oníhóró oṣù mẹ́fà tí WHO fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ti dé, kò sí abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀, mo dúpẹ́ pé ojú mi rí i.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà nínú ìtọ́jú yìí. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ owó mọ́tò kì í ṣe ọ̀fẹ́, oúnjẹ tí oògùn yẹn ń béèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọjọ́ tí èèyàn ò bá lọ síbi iṣẹ́ kò sẹ́ni tó máa san án fún un. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017, 71 nínú 100 ìdílé tí ikọ́ ife wọ̀ ní Nàìjíríà ló ná ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún. Torí náà tí àbúrò yín bá fẹ́ yan sẹ́ńtà l'Ékòó, kó má wo ọsibítù tó lórúkọ, èyí tó máa fẹsẹ̀ rìn dé ni kó mú.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa nọ́ńbà. Ní January 2025 ìjọba Amẹ́ríkà dá owó tó ń gba ọwọ́ USAID wá dúró, bẹ́ẹ̀ owó yẹn wà lára ohun tó gbé wíwá àwọn aláìsàn yìí ró láti ọdún tó ti pẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ lọ́dún kan pé nọ́ńbà àwọn tó ní ikọ́ ife ti já wálẹ̀, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ n padà sórí àbúrò yín. Oṣù kan àtààbọ̀ lẹ ní ó ti lò, ó túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìparí oṣù kejì ti sún mọ́lé, àárín kíkó ẹrù ló sì máa bọ́ sí, irú ẹ̀ ló sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Tó bá lè dúró ṣe é n'Íbàdàn kó tó lọ, ó dáa jù, tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù pé kò tíì ṣe é. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn oògùn ẹ̀ máa yí padà, oríṣi mẹ́rin tó wà nínú hóró kan máa di oríṣi méjì, kó má rò pé àwọn ará Èkó ṣì í fún un. Ìtọ̀ ẹ̀ á ṣì máa pọ́n bí omi zobo tí wọ́n bu omi lù, kò léwu. Kó gun ìwọ̀n, torí ìwọ̀n la fi ń mọ iye hóró: ẹni tó wà láàárín kílò 40 sí 54, mẹ́ta, láti 55 dé 70, mẹ́rin, ara ẹ̀ á sì ti máa sanra báyìí. Kó gba oògùn tó máa tó o títí á fi rí sẹ́ńtà tuntun yẹn. Nọ́ńbà fóònù méjì ni kó fi sílẹ̀, tiẹ̀ àti tiyín. Tí wọ́n bá fẹ́ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, 3340, nọ́ńbà ìpè fún ọ̀rọ̀ ikọ́ ife, ni kó pè, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a gbé inú yàrá kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá sì wà nínú ilé, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí, oògùn tó ń dènà ẹ̀ wà fún un.

Tó bá ti gúnlẹ̀ sí Èkó, kó ya sẹ́ńtà ná kó tó lọ wo yàrá tó fẹ́ gbà. Kó ya fọ́tò káàdì tuntun tí wọ́n bá fún un, kó fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó fi sílẹ̀ n'Íbàdàn, torí mo mọ̀ bó ṣe máa ń rí, obìnrin yẹn á máa wo orúkọ ẹ̀ nínú rẹ́jístà lójoojúmọ́ títí fọ́tò yẹn á fi dé.